Abẹ́nà Ìmọ̀ Kẹta

Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Èmi kì í ṣe olófòófó, gbogbo agbo ilé wa ló mọ̀. Ẹni tó bá ní olófòófó ni mí, kó wá sídìí àkàrà mi nírọ̀lẹ́, kó wá wí i lójú mi. Etí ni mo ní, mi ò mọ̀ pé etí níní ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnu géètì ni mo sì ń dáná sí láti ọdún tí mo ti délé ọkọ. Kò sí ẹni tó lè wọlé tàbí kó jáde kó má gba iwájú agbada mi kọjá.

Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Bàbá Onímáíkírà, ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ti ọmọ kí n má sọ ti ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé Máíkírà ló ni ìgboro: ọkọ̀ kékeré bí páálí ìṣáná, èrò méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, mẹ́ta lẹ́yìn, ẹni tó bá sanra kó tọrọ àforíjì kó tó wọlé. Lọ́dún tí Àbẹ̀kẹ́ rí yunifásítì wọ̀, bàbá rẹ̀ gbé tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ nǹkan sára mọ́tò, ó ní kó kọ BÀBÁ LỌ́YÀ gàdàgbà sí gíláàsì ẹ̀yìn. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Láti Ọjà'ba dé Mọ́kọ́lá, Bàbá Lọ́yà ni wọ́n ń pè é. Àwọn agbèrò pàápàá ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n torí àádọ́ta náírà pe òun lẹ́jọ́.

Ibí yìí ni ọmọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ti wọ inú ọ̀rọ̀. Oníbàárà mi ni, ọmọ tó mọ̀wà hù. Bí kò bá sí ṣéńjì lọ́wọ́ mi, á ní kí n jẹ́ kó di ọ̀la. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Alákàrà, ẹ bá mi kí Bàbá Lọ́yà kú oríire o. Ṣùgbọ́n kí ni lọ́yà fẹ́ fi Yorùbá ṣe?" Mo ní kí ló wí. Ó ní òun lòun tẹ ìwé ìgbaniwọlé ọmọ náà jáde lórí ẹ̀rọ. Yorùbá ló wà níbẹ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n fi tì í lọ́rùn o, ìṣojú òun ló ṣe mú un nígbà tó ń kún fọ́ọ̀mù JÁǸBÙ, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò sọ fún ẹnì kan. Ìgbà tí Ìyá Elépo ń kọjá ló ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi.

Kí n tó dín àkàrà agbada kejì tán, àgbàlá ti kún.

"Yorùbá!" Bàbá Onímáíkírà ló ń pariwo, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀. "Yorùbá tí ewúrẹ́ ilé yìí gbọ́! Bí mo bá ní kó jáde nídìí ẹ̀gẹ́ mi, ṣé kì í jáde ni? Ta ló kọ́ ọ? Yunifásítì wo ni ewúrẹ́ lọ?"

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ káwọ́ lérí. Ìyá Elépo béèrè pé kí ni wọ́n máa ń kọ́ wọn níbẹ̀ gan-an, ṣé "ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán" ni? Èmi náà fi tèmi kún un, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní tó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fẹ́ sanwó kọ́, kí wọ́n kó owó náà fún mi, kí n kọ́ ọ parí nídìí agbada láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó ń fi ìka fa ilà lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń wò mí bí ẹni tó ń ka nǹkan.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun àti rédíò rẹ̀. Bàbá yìí ti fẹ̀yìntì ó ti lé lógún ọdún, ṣùgbọ́n kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ìjọba ò sanwó oṣù fún un mọ́ ni. Bó bá ti la ẹnu báyìí, kéèyàn tètè wá àpótí jókòó.

Ó ní, "Bàbá Lọ́yà."

Bàbá Onímáíkírà ní, "Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bàbá Tíṣà ní ó dáa, ṣé ó mọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn wa níbí? Ó ní Faransé ni ọkùnrin yẹn lọ kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Faransé o! Àmọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ní nǹkan bí 1961 sí 1962, eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà ló jókòó tó ń kọ, lédè Yorùbá. Ó padà lọ kọ́ Yorùbá kún un, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀ ní 1991. Òun náà ló kọ Ó Le Kú.

Ó Le Kú! Ibẹ̀ ni mo tó mọ ẹni tó ń wí. Ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀, mò ń bọ̀. Ìwé yẹn ti jáde láti 1974, ṣùgbọ́n ta ló ń kàwé? Ìgbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997 ni gbogbo wa rí i: Àjàní àti àwọn ọmọge mẹ́ta, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, tí kò mọ èyí tí yóò fẹ́. Aṣọ tí àwọn ọmọbìnrin yẹn wọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa. Bùbá kékeré, ìró tí kò ju orúnkún lọ. Kò sí télọ̀ tí kò rán an, "Oleku" ni gbogbo ayé sì ń pè é. Èmi náà rán tèmi, àǹkárá aláwọ̀ ewé. Ọkọ mi ní ṣé aṣọ ló tán ní ọjà ni. Mo ní lítíréṣọ̀ ni. Èmi ò mọ ohun tí lítíréṣọ̀ túmọ̀ sí nígbà yẹn, ẹnu rédíò ni mo ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó pa á lẹ́nu mọ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé nǹkan ọ̀hún lágbára.

Níbo la dé? Bàbá Tíṣà. Ó tún mú Wándé Abímbọ́lá. Ó ní Ifá ni ìyẹn kọ́, Ifá tí àwọn alákọ̀wé ń sá fún, òun ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó. Láti 1982 títí di 1989, òun ni ọ̀gá àgbà yunifásítì Ifẹ̀ pátápátá.

Bàbá Onímáíkírà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá àgbà pátápátá. Ṣé wọ́n máa ń fún ìyẹn ní mọ́tò?"

"Mọ́tò àti dẹ́rẹ́bà."

Ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà yẹn wọ̀ ọ́ lára. Mo rí i bó ṣe ń ronú pé òun lè máa wa ọmọ òun. Bàbá Tíṣà ì bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n tíṣà ni, kì í mọ ibi ìdúró. Ó ní tí Achebe náà ńkọ́? Ó ní ìṣègùn òyìnbó ni Chinua Achebe wá kọ́ ní Ìbàdàn ní 1948, lọ́dún tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ gan-an. Ó fi sílẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Onímáíkírà fò dìde. "Dókítà ló fi sílẹ̀? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló sì bọ́? Ẹ sì dúró níwájú ọmọ mi, ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ohun rere?"

Ó di ọ̀rọ̀ aládùúgbò mẹ́rin kí wọ́n tó rí i mú jókòó. Ìtàn òyìnbó obìnrin kan ni Bàbá Tíṣà fi pètù sí i nínú, Karin Barber lorúkọ rẹ̀. Ìlú Òkukù, lọ́nà Òṣogbo, ni obìnrin náà lọ jókòó sí, tó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn ìyálé ilé. Ó gbọ́ Yorùbá débi tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní yunifásítì Ifẹ̀, tó sì ń bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣe tíátà. Ìwé tó kọ lórí oríkì Òkukù jáde ní 1991. Bá a bá túmọ̀ orúkọ ìwé náà, ó dà bí ẹni tó ń ṣèlérí pé òun lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́. Gbogbo ojú ilé kọ sí mi. Mi ò mọ̀dí.

Ìyá Elépo ló wá béèrè ọ̀rọ̀ kan tó ká Bàbá Tíṣà lọ́wọ́ kò. Ó ní Fágúnwà tí wọ́n ń kà fún wa nílé-ìwé, ọmọ Òkè-Igbó, yunifásítì wo ló lọ? Bàbá Tíṣà ní kò lọ yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Saint Andrew ní Ọ̀yọ́ ló lọ. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1938, kí Nàìjíríà tó ní yunifásítì kankan. "Amos Tutùọlá ńkọ́, tó gbé Ìbàdàn níbí?" Ó ní ìyẹn ò kàwé ju ọdún mélòó kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ìyá Elépo ní, "Ẹ ò rí i? Àwọn tó kọ ìwé ò lọ. Kí ni tàwa fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Bàbá Tíṣà tún rédíò rẹ̀ yí. Kò dáhùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ alákọ̀wé ni ìbá purọ́. Àbẹ̀kẹ́ ló fọhùn láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. Ó ní, "Ìyá, ẹni tó bá fẹ́ ta epo ò ní láti lọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí epo fi ń dì láàárọ̀ ọyẹ́ ńkọ́?" Ìyá Elépo ní ọyẹ́ ló ń mú un dì, ta ni kò mọ̀yẹn.

Ọmọ náà lọ. Bàbá rẹ̀ fi bíléèdì ha LỌ́YÀ kúrò lójú gíláàsì. Owó tí yóò fi kọ òmíràn ò sí, ni BÀBÁ bá ṣẹ́ kù lóun nìkan, tí àwọn èrò ń bi í pé bàbá ta ni.

Ẹ súnmọ́ mi. Ìsinmi àkọ́kọ́ tó wá, mo ti ilé ìwẹ̀ ń bọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òru, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ń ní, "Ọkọ." Ó dákẹ́. "Ọkọ́." Ó tún dákẹ́. "Ọkọ̀." Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó tún un ṣe, ó ń fà á, ó ń gbé ohùn sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run ná ọjà. Kí n tó dé yàrá, mo ti mọ gbogbo rẹ̀: ọmọ ń gbàdúrà fún ọkọ, ó fẹ́ kó ní ọkọ́, ìyẹn ni pé àgbẹ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì fẹ́ kó ní ọkọ̀. Tí ilẹ̀ mọ́, mo kàn fi tó ìyá rẹ̀ létí gẹ́gẹ́ bí abiyamọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àgbẹ̀ ọlọ́kọ̀ kan láti Mọ́níyà ti rán alárinà wá.

Ọ̀rọ̀ kúkú di ẹ̀rín. Àbẹ̀kẹ́ ní iṣẹ́ àṣetiléwá lòun ń ṣe. Ó ní ohùn ni gbogbo ìyàtọ̀. Ìró kan náà ni, ohùn orí rẹ̀ ló sọ ọ̀kan di ẹni tó ń sanwó ilé, tó sọ ọ̀kan di irin tó ń walẹ̀, tó sọ ọ̀kan di Máíkírà. Ó ní ó kù ọ̀kan, ọ̀kọ̀, tí wọ́n fi ń jagun láyé àtijọ́, bóyá mo ti wẹ̀ tán kí òun tó dé ìyẹn. Ó ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kí n pe "pépà" bí òyìnbó ṣe ń pè é, kí n wá pe "pẹ́pẹ́yẹ." Ti òyìnbó fẹ́ atẹ́gùn sí mi lọ́wọ́, tiwa ò fẹ́. Èmi tí mo ti ń pe pẹ́pẹ́yẹ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó wá ra àkàrà ló gbé ọwọ́ síwájú ẹnu.

Ọdún kejì ló wá ba tèmi àti Ẹfúnṣetán jẹ́. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wo eré yẹn ni mo ti ń ṣépè fún obìnrin náà. Ìyálóde Ìbàdàn tó ń pa ẹrú aboyún! Àbẹ̀kẹ́ ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà ní kíláàsì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní Ìyálóde tòótọ́, tó kú ní 1874, kì í ṣe inú ìwé eré nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn, ti kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì hàn níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ owó, agbára àti ìṣèlú ló wà láàárín òun àti Ààrẹ Látòósà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló sì kú sórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ṣé Ìṣọ̀lá purọ́ mọ́ ọn ni?" Ó ní rárá, òǹkọ̀wé ló jẹ́, ó mú apá tó fẹ́ nínú ìtàn, ó fi iyọ̀ sí i.

Ó fi iyọ̀ sí i. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí àkàrà fi jó. Tí alákọ̀wé bá fi iyọ̀ sí i, wọ́n á fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Tí alákàrà bá fi iyọ̀ sí i, wọ́n á ní olófòófó ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ náà, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ìyá Àgbà, yàrá ìkángun ló ń gbé, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bó bá jẹ àmàlà tán nísinsìnyí, á ní ebi ń pa òun látàárọ̀. Àbẹ̀kẹ́ wá jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé fóònù sórí ẹní, ó ní kí ìyá sun ẹkún ìyàwó tó sun lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ fún òun. Mo ti fẹ́ sọ fún un pé kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ìyá Àgbà wò ó. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fa ìborùn síwájú orí díẹ̀ bí wundia tí ojú ń tì, ó fi ọwọ́ kan di etí ìborùn náà mú. Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ó kí bàbá rẹ̀, ó kí ìyá rẹ̀, ó mú oríkì ilé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń bẹ̀rù ilé tó ń lọ, kò já, kò ṣì, fún bí ìdajì wákàtí. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ni. Mi ò dáná lọ́sàn-án.

Láàárín méjì, iná fóònù kú. Wọn ò mú iná wá láti ìjẹta. Mo rí i tí Àbẹ̀kẹ́ wo fóònù náà lẹ́ẹ̀kan, tó dà á dojú délẹ̀, tó ń mi orí lọ. Kò sọ fún Ìyá Àgbà. Ọjọ́ kejì, ó tún padà wá. Ìyá ní òun ò rí i rí, pé ọmọ ta ni, ṣùgbọ́n ó sun ẹkún náà fún un. Ó yàtọ̀! Ibi tó ti kí bàbá lánàá, ìyá ló kọ́kọ́ kí lónìí. Ó fi ọ̀rọ̀ orogún kún un, èyí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ó ti gbàgbé, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má yọ ìyá arúgbó lẹ́nu." Àbẹ̀kẹ́ ní kò gbàgbé nǹkan kan. Ó ní ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ń wá, pé ohùn ẹnu kì í ṣe ìwé, ó máa ń yí padà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá ṣe yí padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni alámọ̀ rí ní Èkìtì, bẹ́ẹ̀ náà ni ègè rí lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ní ìhà Benin lọ́hùn-ún. Ìyá Àgbà kú kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé. Inú fóònù Àbẹ̀kẹ́ ni ẹkún ìyàwó rẹ̀ wà báyìí, ìkejì lódindi, ìkíní ní ìlàjì.

Ó yá, ó wá kan èmi.

Ọdún kẹrin, ọdún àṣekágbá, Àbẹ̀kẹ́ dé, ó gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada mi. Ó ní iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lòun fẹ́ kọ, ṣé mo lè jẹ́ kí òun gba ohùn mi sílẹ̀. Mo ní orin ni àbí oríkì? Ó ní kí n ṣáà máa sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi jókòó síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń ṣe sàkàsìkì, mò ń sọ Yorùbá bíi ti oníròyìn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo gbàgbé fóònù. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó gbé ìwé náà wálé, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, wọ́n fi wúrà kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Yorùbá ló fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. A jókòó sí àgbàlá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Bàbá Tíṣà wọ ìgò ojú, ó ń kà á. Àpárá ni iṣẹ́ náà dá lé: àpárá àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lẹ́nu àwọn obìnrin agbo ilé. Ó ní ó ní abẹ́nà ìmọ̀ márùn-ún. Mo ní kí nìyẹn. Bàbá Tíṣà ní ẹni tí onímọ̀ máa ń lọ bá fún ọ̀rọ̀ ni, pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló jókòó ṣẹ̀dá irú rẹ̀. Ó ní ìwé èdè-ìperí wà tó jáde ní 1984 tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀. Mo ní ká máa ka ìwé lọ.

"Abẹ́nà ìmọ̀ kẹta: obìnrin, alákàrà, ẹni nǹkan bí ọdún 55."

Mo ní ta ni ẹni ọdún 55? Wọ́n ní kí n jókòó.

Ọmọ náà ti tú mi wò bí ìgbà tí wọ́n ń tú ẹja. Ó ní abẹ́nà ìmọ̀ kẹta máa ń fi gbólóhùn kan ṣílẹ̀kùn ìtàn rẹ̀, "ẹ má sọ pé èmi ni," ó sì sọ ọ́ nígbà 61 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ó máa ń yà kúrò lójú ìtàn níbi tó bá ti dùn jù, kí etí olùgbọ́ lè máa yún un, á sì padà wá. Ó ní èyí kì í ṣe àìmọ̀ọ́sọ, ọgbọ́n ìsọ̀tàn ni. Ó ní mo ń lo àfiwé tààrà, mò ń lo àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, mò ń lo ìfohunpènìyàn. Ìyá Elépo yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí pé ṣé ó ní oògùn. Orí mi ń wú. Ọkọ mi, tí kì í jókòó níbi tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, gbé àga súnmọ́ tòsí.

Ni Bàbá Tíṣà bá ṣí ojú ewé 47. Bàbá yìí kì í wo iwájú kó tó kàwé. Ó kà á sókè: "Abẹ́nà ìmọ̀ kẹta sọ pé: 'Ẹ má sọ pé èmi ni o, obìnrin kan wà nílé yìí tó ń ta epo. Omi tó wà nínú epo rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹja lè bímọ síbẹ̀.'"

Ó dákẹ́. Ó yọ ìgò ojú. Àgbàlá pa lọ́lọ́, àfi ewúrẹ́ nìkan tó ń jẹ ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá ilẹ̀ kó lanu, ilẹ̀ kọ̀. Wọn ò dárúkọ Ìyá Elépo níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n elépo mélòó ló wà nílé wa? Ìyá Elépo dìde dúró. Ó tún gèlè wé díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe kó tó jà. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ ṣí abẹ́nà ìmọ̀ kìíní fún mi."

Ojú ewé 52 ni. Bàbá Tíṣà ò fẹ́ kà á. Ìyá Elépo ní kó kà á. Ó kà á: "'Òróró tí alákàrà ẹnu géètì fi ń dín àkàrà, ìgbà tí wọ́n ṣì ń ná kọ́bọ̀ ló ti wà lórí iná. Àbúrò òróró náà ni àkọ́bí rẹ̀.'"

Mo ti ń tú ìborùn so mọ́ ìdí. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ti gbé àwọn ọmọdé kúrò nílẹ̀. Bàbá Tíṣà bọ́ sáàárín, ó gbé ìwé náà sókè bí ẹni gbé Bíbélì. "Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ kí n ka ìsàlẹ̀ rẹ̀! Ó ní àsọrégèé ni!"

"Irọ́ ni!" Èmi àti Ìyá Elépo jọ sọ ọ́ pọ̀ ni.

"Kì í ṣe irọ́. Àsọrégèé, ọnà èdè ni. Ó ní ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ náà mọ̀, dídùn rẹ̀ ni wọ́n ń wá."

A dúró bẹ́ẹ̀, èmi pẹ̀lú ìborùn, òun pẹ̀lú gèlè. Mo bi Àbẹ̀kẹ́ pé èwo ló dùn jù níbẹ̀. Ó ní kò sí nínú iṣẹ́ onímọ̀ láti ṣe ojúsàájú. Ìyá Elépo ní kí Bàbá Tíṣà tún ka ti ẹja yẹn. Ó tún un kà. Ẹ̀rín já lẹ́nu Ìyá Elépo kó tó lè dì í mú. Mo ní kó tún ka ti òróró. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ka ojú ewé méjèèjì kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará ilé kejì sì ń gbọ́ ọ lórí ògiri. Títí di òní, àwọn ọmọ àdúgbò a máa wá bi mí pé ẹ̀gbọ́n àkọ́bí mi ńkọ́. Mo pààrọ̀ òróró lọ́jọ́ kejì ṣáá o, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni.

Máíkírà ti ní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́yìn báyìí: BÀBÁ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N. Ọmọ náà ò tíì ṣe agùnbánirọ̀ tán. Ó ní tóun bá dé, másítà lòun kàn, pé òun fẹ́ gbé fóònù wá sídìí agbada mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé mi ò ní la ẹnu tí mi ò bá jẹ́ abẹ́nà ìmọ̀ kìíní. Kí ni Ìyá Elépo mọ̀ ọ́n sọ tó fi ṣáájú mi?

Èyí tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ fún un gan-an, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ yín wò. Ẹ má sọ pé èmi ni o. Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, mo rí Bàbá Tíṣà tó ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láìsí rédíò lọ́wọ́. Bàbá yìí láìsí rédíò! Ó gbé ike oúnjẹ kan dání, ó fi aṣọ bò ó, ó sì kọjú sọ́nà ilé opó tó ń ta... Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá Tíṣà! Ẹ káàbọ̀, sà. Àkàrà là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Ẹ̀yin, ti mélòó lẹ ní kí n dì fún yín?